Oríkì Kan Ṣoṣo Tí Ìyá Mi Mọ̀

Ìyá mi fẹ́ràn ara rẹ̀. N kò fi sọ ọ́ láìdáa. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀yin náà á gbà pé ó ní ohun tí èèyàn lè fẹ́ràn. Obìnrin pupa ni, ó ga, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ti fi rédíò kéde pé ó ń bọ̀. Ìsọ̀ abọ́ àti kúlà rẹ̀ wà ní ọjà Kútọ̀, kò sì sí ẹni tó dúró ra abọ́ níbẹ̀ tí kò ní gbọ́ bí ó ṣe lọ sí Mẹ́kà kó tó gba abọ́ rẹ̀ lọ. Bí o bá sọ fún un pé orí ń fọ́ ọ, á ní, "Orí? Èyí tó fọ́ èmi lọ́dún tí mo bí ọ ńkọ́?" Bí ejò bá bù ọ́ jẹ, má wulẹ̀ sọ fún un. Tirẹ̀, ejò méjì ni yóò jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo gboyè jáde ní yunifásítì, òun ló wà láàárín gbogbo fọ́tò tí a yà. Ọ̀kan wà nínú wọn tí aṣọ ìgboyè mi wà lọ́rùn rẹ̀, tí fìlà mi wà lórí gèlè rẹ̀, tí èmi tí mo kàwé ò sì sí níbẹ̀ rárá, nítorí èmi ni mo mú fóònù dání. Fọ́tò yẹn ló gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ dòní. Bí àlejò bá wọlé, á ní kí wọ́n wo ọjọ́ tí òun kó ọmọ òun jáde.

Mo sọ ọ́ fún ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kẹ́míìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ìlèwó. Ó ní àìsàn ni, pé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ń ka àwọn àmì rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tí kì í gbọ́ ti ẹlòmíì, ẹni tó ń wá ìyìn kiri, ẹni tí gbogbo ọ̀rọ̀ máa ń padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń kà á ni mò ń mi orí, mò ń rí ìyá mi kedere. Ṣùgbọ́n kí ó tó kà á dé ìdí, ó ti dúró ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, nítorí ó ní iná ibẹ̀ bá ojú òun mu lọ́jọ́ náà. Mo gba fóònù rẹ̀, mo fi sórí tábìlì, mo ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn kan á ní ayé fóònù ló sọ gbogbo wa di èmi-nìkan-ni. Èmi ò gbà. Ìyá mi ti rí bẹ́ẹ̀ kí fóònù tó dé, fóònù kàn wá bá a nílé ni. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àárín àwa Yorùbá ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ti hù. Kò sí ẹni tí a bí láàárín wa tí kò ní oríkì, ṣùgbọ́n a kì í fún èèyàn ní oríkì kó máa fi ki ara rẹ̀. Ẹlòmíì ló ń kini. Ìyàwó tó bá wọlé ọkọ á kọ́ oríkì ilé náà lẹ́nu àwọn tó bá níbẹ̀, á máa fi ki ọkọ rẹ̀, á sì máa fi ki àwọn ọmọ tó bá bí nígbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá kì báyẹn á gbé èjìká sókè, á gba ọ̀nà ilé ìwé lọ bí ọba kékeré.

Ìyá mi ò kọ́ ti ilé bàbá mi. Bí bàbá mi bá jí, tí ó bá ní, "Àlájà, ṣé dáadáa la jí?" ìyá mi á na ara rẹ̀, á ní, "Èmi ọmọ a-pàtẹ-kílẹ̀-tó-mọ́, ọmọ ọlọ́jà tí í fi ẹ̀rín gbowó!" Á ki ara rẹ̀ dé orí bàbá tó bí bàbá rẹ̀ kó tó dìde. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, òun nìkan ni ọkọ tó ń gbọ́ oríkì ìyàwó láàárọ̀ dípò tirẹ̀. Ó lè rẹ́rìn-ín nítorí pé oníwà tútù ni. Èmi, ti ìyá mi ni mo jọ, inú ń bí mi.

Nígbà tí mo lóyún, mo lọ bá a ní Kútọ̀ kí n fẹnu ara mi sọ fún un. Oyún náà kò kọ́kọ́ dúró dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ti já lára mi, dókítà ní kí n máa sinmi, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sẹ́nu láti ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé mo lóyún ni, ó fò dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà: "Ẹ wá bá mi yọ̀ o! Èmi náà ti fẹ́ di ìyá àgbà! Ta ló máa gbà? Ẹ wo ara mi o!" Ó wá jókòó, ó sọ bí òun ṣe gbé oyún tèmi fún mi: bí òun kò ṣe bì lẹ́ẹ̀kan, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń pe ara wọn wá wo òun. Mo jókòó títí ó fi sọ ọ́ tán. Kò bi mí léèrè ohun kankan. Mo gbé ẹ̀rù mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọkọ mi pé ìyá mi ò ní wẹ ọmọ mi.

Ọkọ mi ní, "Ṣé o mọ ohun tó o sọ ṣá?"

Mo mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, bí obìnrin bá bímọ, ìyá tó bí i ló ń kó ẹrù wá wẹ ọmọ. Yóò bá a fi omi gbígbóná tẹ ara, yóò na ọmọ, yóò fi òrí pa á, yóò sì máa ki í títí orí ọmọ náà yóò fi le. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá lé kúrò nídìí ìwẹ̀ yẹn, ojú wo ni yóò gbé lọ sọ́jà? Kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́ títí ayé, èmi náà ò sì ní lè tẹ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí èmi àti ìyá mi pínyà.

Mo ní, "Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi di dígí tí Màámi á máa fi wo ara wọn. Ó tó kó jẹ́ èmi."

Ìgbà tí mo bí obìnrin, ìyá ọkọ mi ló wá. Abúlé kan lẹ́bàá Wásinmi ni wọ́n ń gbé, àgbẹ̀ ni wọ́n, òrìṣà ilé wọn ni wọ́n sì ń sìn. Ó wá pẹ̀lú ìgò àdín, òrí tí wọ́n wé sínú ewé, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn tuntun. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, aṣọ funfun ló sábà máa ń wọ̀. Mo ti pe ìyá mi, mo ní kó má wulẹ̀ ti ìsọ̀ pa, pé ìyá ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó yára sọ lórí fóònù pé kò burú, pé oníbàárà pọ̀ lọ́wọ́ òun náà, pé ṣé mo mọ bí òun ṣe ń tajà tó. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló wá, bí àlejò, ó ya fọ́tò, ó sì lọ.

Láràárọ̀, ìyá ọkọ mi á jókòó sórí àpótí nínú ilé ìwẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, bàsíà omi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ń fọ̀ ọ́ ló ń ki í: "Ọmọ a-fìrì-bọ́jú-kó-tó-fi-ọkọ́-kílẹ̀, ọmọ ẹ̀gẹ́ tó ta gbòǹgbò lábẹ́ àpáta." Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ọmọ á la ojú sílẹ̀, á dákẹ́ máa wò ó. Èmi á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ara á tù mí, mo sì máa ń rò ó pé mo ti ṣe ohun tó tọ́.

Kò pẹ́ tí àsìkò ọdún òrìṣà wọn tó. Òun ni àgbà obìnrin tó ń bójú tó ojúbọ ilé wọn, kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi, pe ìyá rẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Mo ní, "Màá máa wẹ̀ ẹ́ fúnra mi, Ìyá."

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ọmọ. Ó gbé fóònù ara rẹ̀, ó sì pe ìyá mi. Kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo gbà. Nígbà tó ku ọ̀la tí yóò lọ ni ìyá mi dé, pẹ̀lú báàgì ńlá, kúlà mẹ́ta, bàsíà tuntun, àti ohùn tó ti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wọlé ṣáájú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá àgbà gan-an gan-an ti dé!" Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó na fóònù sókè, ó ya fọ́tò. Ojú tirẹ̀ kún inú fọ́tò náà, etí ọmọ kan ló hàn. Kó tó jókòó, fọ́tò náà ti wà lórí sítétọ́ọ̀sì fóònù rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ni yóò wẹ ọmọ, kí àna òun sinmi kó tó rìnrìn àjò. Ìyá ọkọ mi gbà, ó sì lọ di ẹrù rẹ̀ nínú yàrá tó kọjú sí ilé ìwẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kí n má parọ́, ọwọ́ ìyá mi dá múṣémúṣé. Ó pe Bísímílà, ó fi ìgúnpá wo ooru omi, ó gbá ọrùn ọmọ mú dáadáa. Ara mi ti ń balẹ̀. Ló bá la ẹnu.

"Ọmọ a-pàtẹ-kílẹ̀-tó-mọ́! Ọmọ ọlọ́jà tí í fi ẹ̀rín gbowó!"

Ó ń ki í lọ, ó ń fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè. Ó ka bàbá tirẹ̀, ó ka bàbá bàbá tirẹ̀, ó ka gbogbo ilé wọn tán. Kò kan ilé bàbá ọmọ náà lẹ́nu. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè bi mí pé kí ló burú níbẹ̀. Ilé bàbá ni a fi ń ki ọmọ ná. Bí a bá fẹ́, a lè fi ti ìyá kún un lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ṣùgbọ́n kí o gbé ọmọ ọlọ́mọ, kí o wẹ̀ ẹ́, kí o fi oríkì ilé tìrẹ nìkan wé e lára, lójú ìyá tó bí bàbá rẹ̀, o ti sọ pé ọmọ náà kò ní bàbá nìyẹn. Wọ́n ti fi ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ tú ìgbéyàwó ká rí.

Mo wẹ̀yìn. Ìyá ọkọ mi ti dúró, aṣọ tó ń ká wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bínú sókè. Ó kàn rọra fa ìlẹ̀kùn yàrá náà dé.

Ìlẹ̀kùn yẹn ló ta mí. Mo wọ ilé ìwẹ̀.

"Màámi, ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

"Kí ló dé? Omi ò gbóná jù."

"Mo ní ẹ gbé ọmọ mi fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù yín, kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà láyé! Ọmọ tí ò tíì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ẹ ti gba bàbá lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ti fi ara yín rọ́pò. Ṣé ẹ ò gbọ́ bí Ìyá ṣe ń kì í lálẹ́ àná ni? Àbí ẹnu tiyín nìkan ni etí yín máa ń gbọ́?"

Mo ti ń retí pé yóò jà. Ìyá mi lè jà. Ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà ọmọ, ọṣẹ ń ṣàn lọ.

Ó ní, "Òun nìkan ni mo mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?"

"Oríkì. Òun nìkan ni mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní òmíì. Èyí gan-an, mo jí i gbọ́ ni."

Mo mọ̀ pé ìyá tó bí ìyá mi tètè kú. Ó máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń sọ ọ́ dà bí ìgbà tó jẹ́ pé ikú náà ló fi hàn pé òun lágbára. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ ọ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọdé kan. Agbo ilé oníṣòwò ni wọ́n, lábẹ́ àpáta ńlá ìlú wa, ìyàwó pọ̀, ọmọ pọ̀. Ó ní lẹ́yìn àsùbáà, ìyàwó kọ̀ọ̀kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á wá kúnlẹ̀, á sì máa kì wọ́n.

"Èmi á kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn kárí. Wọ́n á ní, 'Ṣé o jí dáadáa?' Ó parí. Wọn ò fìyà jẹ mí o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n rán mi lọ sí ilé kéú. Oríkì ni wọn ò rántí. Ta ló máa rántí? Ìyá ọmọ ló ń ki ọmọ. Mo wá ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń gbọ́ ti àwọn yòókù. Ilé kan náà ṣáà ni wá. Mo ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀. Màá lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí, màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ káàárọ̀, màá wá dìde, màá ki ara mi. Ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí mo dàgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sókè."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, ó tún ti dé. Mo wá jà fún ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ti tún di tìyá mi. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ síta fún un. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. N kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ilẹ̀, ó rí ọmọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìfófó ọṣẹ ní etí.

Ó ní, "Òtútù ń mú ọmọ yìí." Ó da omi ṣàn án, ó nù ún, ó wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì lọ kan ìlẹ̀kùn yàrá tó kọjú sí wa.

N kò tẹ̀ lé e wọlé, ṣùgbọ́n kò ti ìlẹ̀kùn. Mo rí i tí ó kúnlẹ̀. Àlájà tí gbogbo Kútọ̀ ń yà fún lọ́nà. Ìyá ọkọ mi sáré kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, nítorí kò jẹ́ kí àna òun nìkan wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ìyá mi ní, "Àna mi, mo ṣẹ̀ yín. Kì í ṣe pé mo fojú di yín. N kò mọ tiyín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi, kí n lè fi wẹ ọmọ yín."

Ìyá ọkọ mi ní, "Ọmọ wa ni, Àlájà."

Wọ́n tẹ́ ẹní sí bákónì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá ọkọ mi sún ìrìn àjò rẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó burú ni ìyá mi. Kò lè gbọ́ ìlà kan parí kó má fi tirẹ̀ sí i. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọlọ́jà kún un níbí, ó máa dùn." Ìyá ọkọ mi á ní, "Kò sí níbẹ̀, Àlájà." Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan, ó sọ ọ́ dáadáa títí dé ìdí, àfi pé ó ní ọmọ a-fìrì-bọ́jú-kó-tó-fi-kúlà-kílẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí ìyá ọkọ mi fi ń nu ojú. Mo wà nínú pálọ̀, mò ń fún ọmọ lọ́mú, mo sì pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu, nítorí inú ṣì ń bí mi. N kò tíì sọ pé kí ó má lọ. Báàgì ńlá rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó gbé e sí.

Ìyá ọkọ mi lọ ní ìdájí. Títí oòrùn fi ga, a ò tíì wẹ ọmọ. Ìyá mi dúró sí pálọ̀, gèlè rẹ̀ ti wà lórí.

Ó ní, "Ṣé kí n máa lọ?"

Ó wo ojú mi nígbà tó ń bi mí. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù obìnrin yẹn ti ń bà mí, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù tèmi ló ń bà á. Kò dùn mọ́ mi bí mo ti rò pé yóò dùn tó.

Mo ní, "Ẹ wẹ ọmọ ná."

Ó tú gèlè. Mo gbé omi, mo gbé àpótí, mo sì dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Ó pe Bísímílà, ó tẹ́ ọmọ sẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe ohùn ọjà rẹ̀: "Ọmọ a-fìrì-bọ́jú-kó-tó-fi-ọkọ́-kílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gẹ́ tó ta gbòǹgbò..." Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó dúró síbi kan náà. Ó dé "lábẹ́ àpáta" nígbà tó yá, ó kọjá, ó tún já sínú òfo. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí, mo mọ ohun tó fẹ́ já bọ́ níbẹ̀, nítorí òun nìkan ló ti máa ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà láyé. Ó pa ẹnu náà dé. Ó gbójú sókè wò mí.

"Kí ló kàn?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti wọ ilé wọn. Mo ti gbọ́ ọ láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti bímọ, mo ń gbádùn rẹ̀, n kò sì kọ́ ọ.

Ìyá mi ń wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gùn ún lọ sókè títí ọmọ fi ń mì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà! Ìwọ tó o lé mi lánàá! Áà, kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí tí ìnàkí ò ṣe." Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, mo di férémù ìlẹ̀kùn mú kí n má baà ṣubú. Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti jọ rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà.

Mo pe ìyá ọkọ mi. Ó ti délé, adìẹ ń ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gbé fóònù sórí ìjókòó kan tí omi ò lè ta sí, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè. Ó mú ìlà náà níbi tó ti já, ó ń sọ, ìyá mi ń tẹ̀ lé e, èmi náà ń tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà la ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ kejì fara pamọ́ sí. Báyìí ni a ṣe wẹ̀ ẹ́ tán, ìyá mẹ́ta lórí ọmọ kan.

Mo rò pé ó parí. Ìyá ọkọ mi ní, "Àlájà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì dìde." Ó wá tún ohùn ṣe.

"Ọmọ a-pàtẹ-kílẹ̀-tó-mọ́. Ọmọ ọlọ́jà tí í fi ẹ̀rín gbowó."

Ó ti gbọ́ ọ láti inú yàrá lánàá, nígbà tí ọ̀rọ̀ dùn ún. Ó sì ti béèrè ìyókù lọ́wọ́ ìyá mi lórí ẹní lọ́sàn-án àná, èmi ni n kò mọ̀. Ó ki ìyá mi délẹ̀, láìyára, bí ó ti máa ń ki ọmọ, ó ka bàbá rẹ̀, ó ka bàbá bàbá rẹ̀, ó fi ìyá tó bí i tó sì kú kún un. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì rí. Ó jókòó lórí àpótí, ó tẹ orí ba, omijé rẹ̀ ń kán sí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù gbẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójijì. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde, mo fi ẹsẹ̀ ti báàgì ńlá náà láti ẹnu ọ̀nà wọ yàrá lọ, mo sì padà wá.

Ìyá mi ti gbé fóònù. Mo mọ ohun tó kàn. Yóò sọ bí wọ́n ṣe ń kì í tí gbogbo ọjà máa ń dúró, yóò sọ bí oríkì àwọn ṣe ju ti ilé gbogbo lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Ó ní, "Àna mi, ẹ ṣé. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni wọ́n ń kì yín nílé bàbá tiyín?"

Adìẹ ké. Ìyá ọkọ mi ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí o, Àlájà. Ẹ jẹ́ kí n rántí."

Ìyá mi ní kí ó má kánjú. Ó gbé fóònù súnmọ́ etí, ó pa ẹnu mọ́, ó sì ń retí.